Ogun abẹ́lé ilẹ̀ Faransé, 1562 sí 1598: báwo ni a ṣe lè kà á kí ó yé ni?

Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọbìnrin mi tó ń kàwé níbí ní London ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò A-level nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, apá kan nínú ohun tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ni ogun ẹ̀sìn tó jà ní ilẹ̀ Faransé láti ọdún 1562 títí di ọdún 1598. Èmi tí mo rò pé mo mọ̀wé díẹ̀, mo jókòó tì í ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan láti ràn án lọ́wọ́, kò sì pẹ́ rárá tí ọ̀rọ̀ náà fi dàrú mọ́ àwa méjèèjì lójú. Ogun mẹ́jọ ni ìwé wọn kà lẹ́sẹẹsẹ, àdéhùn àlàáfíà sì ń tẹ̀ lé wọn bí òjò ṣe ń tẹ̀ lé ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tó yá, ẹni mẹ́ta tí gbogbo wọn ń jẹ́ Henri tún dojú ìjà kọ ara wọn. Èyí tó dójú tì mí jù lọ ni pé mo sọ fún un pé ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn ni wọ́n pa nígbà ìpakúpa ọjọ́ Bátólómíù Mímọ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ nígbà èwe mi. Ó kọ 100,000 sínú iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ sì fi pẹ́ẹ̀nì pupa fa ìlà sí i lábẹ́, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Ta ló kà wọ́n?"

Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn. Ṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni ogun náà lóòótọ́ ni, àbí ìjà oyè tí wọ́n da aṣọ ẹ̀sìn bò? Kí ló dé tí àlàáfíà kò fi lè dúró fún ọdún mẹ́rìndínlógójì? Ibo sì ni ó yẹ kí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ tí àwọn orúkọ wọ̀nyí kò fi ní bò ó mọ́lẹ̀?

Olùkọ́ Àgbà:

Bàbá, ẹ kú akitiyan lórí ọmọ. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì, ibi tí mo sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ni orúkọ tí a fún ogun náà. Nínú èdè tiwa, bí a bá ti dárúkọ "ogun ẹ̀sìn", ohun tó ń wá sí ẹni tó ń gbọ́ lọ́kàn ni ẹ̀sìn méjì tó yàtọ̀ síra pátápátá. Kristẹni ni tọ̀túntòsì nínú èyí. Ìjọ Àgùdà wà ní apá kan, àwọn ọmọlẹ́yìn John Calvin tí wọ́n ń pè ní Huguenot sì wà ní apá kejì. Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn fà ni ìsìn Máàsì, ère àwọn ẹni mímọ́, àti ẹni tí ó ní àṣẹ láti túmọ̀ Ìwé Mímọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1560, Michel de L'Hôpital, ẹni tó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìdájọ́ ọba, dìde níwájú àwọn aṣojú gbogbo ilẹ̀ náà ní Orléans, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ orúkọ èébú tí wọ́n ń pe ara wọn, kí kálukú má ṣe pààrọ̀ orúkọ Kristẹni. Ẹ̀bẹ̀ náà kò wọ̀ wọ́n létí.

Lẹ́yìn èyí, kí ọmọ wa lọ sí ààfin. Láti ọdún 1516 ni Póòpù ti fún ọba Faransé ní àṣẹ láti yan ẹni tí yóò jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ilẹ̀ rẹ̀, nítorí náà kò sí èrè kankan tí ọba Faransé lè rí nínú yíyapa kúrò lọ́dọ̀ Róòmù bí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe yapa. Àwọn oníwàásù láti Geneva ń wọlé síbẹ̀síbẹ̀, ìjọ wọn sì ń pọ̀ débi pé nígbà tí ogun yóò fi bẹ́ sílẹ̀, wọ́n tó ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn ará ilẹ̀ náà. Ọba tó lágbára lè fi ọwọ́ líle dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀, ọba ọmọdé kò lè ṣe é. Ohun tó sì sọ ọba di ọmọdé kò ju ẹ̀rún igi kan lọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1559, Henri Kejì ń ṣe eré ìfọ̀kọ̀-gúnra lórí ẹṣin ní Paris, wọ́n ń ṣe àjọyọ̀ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ àti àlàáfíà tí ó bá Sípéènì ṣe. Ọ̀kọ̀ Gabriel de Montgomery ṣẹ́, ẹ̀rún rẹ̀ gba ojú ihò àṣíborí ọba wọlé, ó sì gún un lójú. Ọjọ́ mẹ́wàá ni ọba lò lórí ìdùbúlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni François Kejì tó gun orí ìtẹ́, kò sì lo ọdún méjì tí òun náà fi kú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni àbúrò rẹ̀, Charles Kẹsàn-án, tí ìyá wọn, Catherine de Médicis, fi ṣe adelé fún un.

Kí ẹ ra páálí ńlá kan, kí ẹ ya ilé mẹ́ta sí i. Ilé Guise ni wọ́n ń ṣe agbátẹrù ìjọ Àgùdà, ìyàwó François Kejì, Mary Stuart, sì jẹ́ ọmọ arábìnrin wọn. Ilé Bourbon ni oyè kàn bí ìdílé ọba bá kú tán, inú ilé yìí sì ni Louis de Condé, balógun àkọ́kọ́ fún àwọn Huguenot, ti jáde. Ilé Montmorency ni ó pín sí méjì: bàbá àgbà, Anne de Montmorency, kú sórí ìjọ Àgùdà, ṣùgbọ́n Gaspard de Coligny, ọmọ arábìnrin rẹ̀, di òpó ìjọ kejì. (Ọkùnrin ni Anne yìí o, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi kò jẹ́ gbàgbé rẹ̀ láyé.) Bí ọmọ bá wo páálí náà, yóò rí i pé àwọn ilé ńlá ni wọ́n ní ẹṣin, ìbọn àti ọmọ ogun, àmọ́ ẹ̀sìn ló fún wọn ní àwọn ènìyàn tí kò ní padà sílé bí àwọn ọ̀gá bá tilẹ̀ parí ìjà. Kí ó má jẹ́ kí ìbéèrè ìdánwò fi agbára mú un láti yan ọ̀kan kí ó sì sọ èkejì nù.

Ìyá Agbẹjọ́rò:

Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Amòfin ni mí, ojú òfin ni mo sì fi ń wo ìtàn. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ọmọ wa fi ogun mẹ́jọ náà sílẹ̀ ná, kí ó kọ́kọ́ ka àwọn ìwé àṣẹ ọba tí wọ́n fi ń parí wọn. Bí ó bá ti mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó bi í pé: níbo ni Huguenot ti lè jọ́sìn, ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti jọ́sìn níbẹ̀, kí sì ni ó wà lọ́wọ́ wọn tí wọn yóò fi sùn lóru láìsí ìpayà? Ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí ń yí padà láti ọdún dé ọdún, ibi tí ó ti yí padà sì ni ìdí ogun tó kàn wà.

Ẹ wò ó. Ní oṣù Kìíní ọdún 1562, Catherine àti L'Hôpital gbé àṣẹ kan jáde pé Huguenot lè jọ́sìn ní ọ̀sán, láìgbé ohun ìjà, ní ẹ̀yìn odi ìlú. Kò pé oṣù méjì tí Dúúkù François de Guise fi gba ìlú Vassy kọjá ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń jọ́sìn nínú abà kan. Abà náà wà nínú ìlú, kì í ṣe ẹ̀yìn odi. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ariwo nìyẹn, tí òkò ń fò, tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Dúúkù sì yọ idà, wọ́n pa bí àádọ́ta ènìyàn, wọ́n sì ṣe èyí tó ju ọgọ́rùn-ún lọ léṣe. Nínú àríyànjiyàn lórí odi kan ṣoṣo ni gbogbo ogun àkọ́kọ́ ti ṣẹ́ yọ.

Àṣẹ Amboise, oṣù Kẹta ọdún 1563, ni ó tẹ̀ lé e. Ó fún àwọn ọ̀tọ̀kùlú ní ẹ̀tọ́ láti jọ́sìn ní ilẹ̀ wọn, ó sì fi ìlú kan ṣoṣo sílẹ̀ fún àwọn mẹ̀kúnnù ní àgbègbè ìdájọ́ kọ̀ọ̀kan. Coligny alára bínú sí Condé lórí èyí, nítorí ìjòyè ni Condé rò, kò ro ti aránṣọ àti alágbẹ̀dẹ tó kún inú ìjọ. Nígbà tí ó di Àṣẹ Saint-Germain ní oṣù Kẹjọ ọdún 1570, ohun tuntun wọ inú rẹ̀: wọ́n fún àwọn Huguenot ní ìlú mẹ́rin, La Rochelle, Montauban, Cognac àti La Charité, kí wọ́n máa fi ọmọ ogun ara wọn ṣọ́ ọ fún ọdún méjì. Ẹ kíyè sí i pé ọba ni ó ń fi odi ìlú rẹ̀ dógò fún àwọn ọmọ ìlú rẹ̀. Agbẹjọ́rò tó bá rí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nínú ìwé àdéhùn yóò mọ̀ pé àwọn méjèèjì kò gba ara wọn gbọ́ mọ́.

Àṣẹ Beaulieu ti oṣù Karùn-ún ọdún 1576 ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó gbà wọ́n láyè láti jọ́sìn níbi gbogbo àfi Paris àti àyíká rẹ̀, ìlú ìdógò sì di mẹ́jọ. Ìtura yìí pọ̀ jù lójú àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ ológun tiwọn sílẹ̀ ní Péronne. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọba gba púpọ̀ nínú rẹ̀ padà ní Poitiers. Tí ó bá fi máa di oṣù Keje ọdún 1585, wọ́n ti fagi lé gbogbo rẹ̀ pátá ní Nemours: kí àwọn pásítọ̀ fi ìlú sílẹ̀ láàárín oṣù kan, kí àwọn ọmọ ìjọ yí padà tàbí kí wọ́n kó jáde láàárín oṣù mẹ́fà.

Ọmọ Òpìtàn:

Ẹ̀gbọ́n mi Agbẹjọ́rò, ẹ ṣeun, mo gbádùn rẹ̀ gidi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tó bá ka ìwé àṣẹ nìkan lè rò pé ọba àti àwọn ìjòyè ló ń ja gbogbo ìjà náà. Àwọn aládùúgbò ló pa ara wọn jù. Ní Nîmes, oṣù Kẹsàn-án ọdún 1567, àwọn Huguenot ni wọ́n pa àwọn àlùfáà àti àwọn èèyàn ìjọ Àgùdà, kì í ṣe ọba ló rán wọn. Bí ọmọ bá kọ ọ́ pé apá kan ṣoṣo ni wọ́n ń fìyà jẹ, máàkì yóò lọ.

Ní ti ìpakúpa ọdún 1572 tí Bàbá béèrè nípa rẹ̀, kí ọmọ tẹ̀ lé ọjọ́ náà díẹ̀díẹ̀, kí ó má sáré. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ, wọ́n so Henri ti Navarre, ọmọ ilé Bourbon tó jẹ́ Huguenot, pọ̀ mọ́ Marguerite, àbúrò ọba. Àwọn ìjòyè Huguenot kún Paris fọ́fọ́ nítorí ìyàwó. Ní ọjọ́ 22, Coligny ń ti ààfin Louvre bọ̀, ó ń ka ìwé kan bí ó ṣe ń rìn lọ, ni ẹnì kan bá yìnbọn sí i láti ojú fèrèsé. Ọta náà já ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì fọ́ apá òsì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kú. Ọba wá bẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ṣèlérí pé òun yóò wá ẹni tó yìn ín rí. Ní òru ọjọ́ 23 mọ́jú ọjọ́ 24, ìgbìmọ̀ ọba pinnu pé kí wọ́n pa àwọn olórí Huguenot kí wọ́n tó gbẹ̀san. Wọ́n ti ilẹ̀kùn odi ìlú, agogo ìjọ Saint-Germain-l'Auxerrois dún, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Guise sì já wọ yàrá Coligny, wọ́n gún un pa, wọ́n sì ju òkú rẹ̀ gba ojú fèrèsé sílẹ̀ fún Dúúkù Henri de Guise, ọmọ François, tó ń dúró nísàlẹ̀. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ìgbìmọ̀ náà ní lọ́kàn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ará àdúgbò tó so aṣọ funfun mọ́ apá, tí wọ́n fi àgbélébùú funfun sí fìlà, ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ìlú bíi mẹ́wàá lé díẹ̀, Orléans, Lyon, Rouen, Bordeaux, Toulouse àti àwọn mìíràn, tún ṣe tiwọn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e títí wọ oṣù Kẹwàá.

Nígbà náà, mélòó ni wọ́n? Àwọn òpìtàn òde òní máa ń fi Paris sí bíi 2,000 sí 3,000, wọ́n sì máa ń fi gbogbo ilẹ̀ náà sí láàárín 5,000 àti 10,000. Ọ̀kẹ́ márùn-ún tí Bàbá gbọ́ kò ti ẹnu Bàbá wá. Ó ti wà nínú ìwé láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ìbéèrè olùkọ́ ọmọ náà gan-an ni kí ó fi sí orí tábìlì rẹ̀.

Ohun kan tó kù ni lẹ́tà ọba. Ní ọjọ́ ìpakúpa náà, Charles kọ̀wé sí àwọn gómìnà pé ìjà àárín ilé Guise àti Coligny ni, pé ọwọ́ òun mọ́. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ó dúró níwájú ilé ẹjọ́ gíga Paris, ó ní òun ni òun pàṣẹ, nítorí wọ́n ń dìtẹ̀ sí òun. Kí ọmọ gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó kọ ojú ìwé kan lórí ohun tó lè mú kí ọba yí ohùn padà.

Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. A ti ra páálí náà, ilé mẹ́ta ti wà lórí rẹ̀, ó sì ti ń fi òwú àwọ̀ búlúù àti pupa so wọ́n pọ̀. Àmọ́ ìbéèrè kejì mi ṣì wà nílẹ̀. Bí apá kan bá ṣẹ́gun, kí ló dé tí kò parí ọ̀tá rẹ̀? Mo rí i pé ìjọ Àgùdà borí ní Jarnac ní oṣù Kẹta ọdún 1569, wọ́n pa Condé níbẹ̀, wọ́n tún borí ní Moncontour ní oṣù Kẹwàá, síbẹ̀ àdéhùn ọdún tó tẹ̀ lé e dára fún àwọn Huguenot tí a ṣẹ́gun ju ti ìṣáájú lọ.

Oníṣirò:

Owó ni, Bàbá. Ìsirò ni iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe rí i. Ọba Faransé jogún gbèsè ńlá láti inú ogun tí bàbá rẹ̀ bá Sípéènì jà. Kò ní ọmọ ogun tó pọ̀ tó tirẹ̀, àwọn ará Switzerland àti àwọn ẹlẹ́ṣin láti Jámánì ni ó ń háyà, àwọn Huguenot náà sì ń háyà àwọn ará Jámánì. Jagunjagun tí a fi owó gbà kì í lọ sílé bí a kò bá san owó rẹ̀, inú oko àwọn àgbẹ̀ ni yóò ti máa gba oúnjẹ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ọba bá ti borí lẹ́ẹ̀kan, owó á tán, ìlú olódi bíi La Rochelle á ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú òkun lẹ́yìn rẹ̀, á sì di dandan kí ó bá wọn sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1576, apá kan nínú ohun tó mú àṣẹ Beaulieu lawọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ogun Johann Casimir láti Jámánì tí ó ti wọ ilẹ̀ Faransé láti ran àwọn Huguenot lọ́wọ́. Àfi kí ọba san owó ọ̀yà àwọn tó wá bá a jà kí wọ́n tó kúrò. Nítorí náà, kí ọmọ ya ọ̀wọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì ìwé àṣẹ rẹ̀, kí ó kọ sí i pé: ta ló ń jẹ ọba lówó ní ọdún yìí, ta sì ni ọba ń jẹ lówó?

Olùkọ́ Àgbà:

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n wá tú Henri mẹ́ta náà palẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ogun ti yí ojú padà.

Charles kú ní ọdún 1574, àbúrò rẹ̀ tó ti lọ jẹ ọba ní Pólándì sá padà wálé láti di Henri Kẹta. Kò bí ọmọ. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ ìkẹyìn kú ní oṣù Kẹfà ọdún 1584, òfin ilẹ̀ náà tọ́ka sí Henri ti Navarre, Huguenot, pé òun ni oyè kàn. Láti ọjọ́ náà lọ, kì í ṣe pé wọ́n ń bèèrè ibi tí Huguenot ti lè jọ́sìn mọ́. Wọ́n ń bèèrè bóyá Huguenot lè jọba. Henri ti Guise, ọmọ Dúúkù François tí ọ̀rọ̀ Vassy ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀, di olórí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Liigi, ó sì gba owó lọ́wọ́ ọba Sípéènì. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 1588, àwọn ará Paris fi àgbá, ẹ̀wọ̀n àti òkúta dí ojú pópó, wọ́n sì lé ọba tiwọn fúnra rẹ̀ jáde. Henri Kẹta fi sùúrù dúró títí di ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá, ó ránṣẹ́ pe Guise sí yàrá rẹ̀ ní Blois, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba sì gún un pa níbẹ̀. Oṣù mẹ́jọ kò tíì pé tí ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà kan, Jacques Clément, mú ìwé wá bá ọba ní Saint-Cloud, tó sì fi ọ̀bẹ tó fi pamọ́ gún un nínú. Henri méjì ti lọ, Navarre ló kù, òun ni Henri Kẹrin.

Ìdánwò fẹ́ràn láti béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ pé òun ló borí. Ogun nìkan kọ́. Ó borí ní Ivry ní oṣù Kẹta ọdún 1590, ó sì sàga ti Paris láti oṣù Karùn-ún títí di òpin oṣù Kẹjọ. Àkọsílẹ̀ ìgbà náà sọ pé wọ́n jẹ ajá àti ológbò, pé àwọn kan lọ egungun òkú láti fi ṣe búrẹ́dì, síbẹ̀ ìlú náà kò ṣílẹ̀kùn fún un kí ọmọ ogun Sípéènì tó wá gbà wọ́n. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1593, ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Denis, ó sì padà sí ìjọ Àgùdà. Paris gbà á wọlé ní oṣù Kẹta ọdún 1594. Gbólóhùn tí wọ́n máa ń fi sí i lẹ́nu pé Paris tó ohun tí ènìyàn lè tìtorí rẹ̀ gbọ́ Máàsì, kò sí ẹ̀rí pé ó sọ ọ́ rí. Kí ọmọ má kọ ọ́ bí ẹni pé ó gbọ́ ọ létí.

Akọrin:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má jẹ́ kí n gba àkókò yín. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé ohùn wà nínú ogun yìí. Àwọn Huguenot ti yí Sáàmù Dáfídì sí orin ní èdè Faransé, wọ́n sì ń kọ ọ́ ní ojú pópó, lójú ogun àti lórí iná tí wọ́n ti ń sun wọ́n. Ní Coutras, ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 1587, wọ́n kúnlẹ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ Sáàmù 118, níbi tí ó ti sọ pé èyí ni ọjọ́ tí Olúwa dá. Ìròyìn sọ pé àwọn ìjòyè tó wà ní apá kejì rò pé ẹ̀rù ló kó wọn dé orí ìkúnlẹ̀. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà, olórí ogun àwọn ìjòyè náà, Dúúkù ti Joyeuse, ti kú. Kí ọmọ ka Sáàmù náà nínú Bíbélì ilé yín kí ó tó kọ̀wé nípa wọn. Ẹni tí kò mọ orin wọn kò lè mọ ìdí tí wọn kò fi sá.

Ìyá Agbẹjọ́rò:

Àbúrò mi Ọmọ Òpìtàn, mo gba ìbáwí. Ẹ jẹ́ kí n kàn mú àwọn ìwé àṣẹ mi dé òpin, nítorí ti Nantes, oṣù Kẹrin ọdún 1598, ni wọ́n máa ń ṣì kà jù.

Àwọn ọmọ máa ń kọ ọ́ pé Henri Kẹrin fún gbogbo ènìyàn ní òmìnira ẹ̀sìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 92 ló wà nínú rẹ̀, abala ìkọ̀kọ̀ 56 tún tẹ̀ lé e, ọ̀kan nínú ohun tó kọ́kọ́ ṣe sì ni pé ó dá ìsìn Máàsì padà sí gbogbo ibi tí wọ́n ti lé e kúrò. Àwọn Huguenot gba ẹ̀tọ́ láti jọ́sìn níbi tí wọ́n ti ń jọ́sìn tẹ́lẹ̀, wọ́n lè di ipò ìjọba mú, ọmọ wọn lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́, aláìsàn wọn lè wọ ilé ìwòsàn, wọ́n sì ní ilé ẹjọ́ tí adájọ́ ìjọ méjèèjì ti ń jókòó pọ̀. Wọn kò lè jọ́sìn ní Paris, wọ́n sì gbọ́dọ̀ san ìdámẹ́wàá fún àlùfáà tí wọn kò gbà gbọ́. Nínú ìwé náà, orúkọ tí ọba ń pe ìjọ wọn ni ẹ̀sìn tí wọ́n ní àwọn tún ṣe, bí ẹni ń fi imú sọ̀rọ̀. Àwọn ará Paris tó jẹ́ Huguenot ń wọ ọkọ̀ ojú omi lórí odò Seine lọ jọ́sìn ní Charenton láti ọdún 1606.

Abala kìíní ni mo fẹ́ràn jù. Ó ní kí ìrántí gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láti oṣù Kẹta ọdún 1585, àti nínú àwọn rògbòdìyàn ìṣáájú, kú, kí ó sùn bí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Èyí tó tẹ̀ lé e ní kí ẹnikẹ́ni má fi í bú ẹlòmíràn. Irú gbólóhùn yìí ti wà nínú àṣẹ ọdún 1570, ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n sì pa Coligny. Ìbéèrè tó yẹ kí ọmọ wa dáhùn ni ohun tó mú kí ti ọdún 1598 dúró tí ti ọdún 1570 kò fi dúró. Ìdáhùn tèmi ni pé àgbàlagbà ọba tó ti ṣẹ́gun ni ó fi ọwọ́ sí i, pé ó ti fi owó ra ọ̀pọ̀ àwọn ìjòyè Liigi padà, pé ó bá Sípéènì parí ìjà ní Vervins ní oṣù Karùn-ún, àti pé ìlú ìdógò àwọn Huguenot ti lé ní ọgọ́rùn-ún. Ilé ẹjọ́ gíga Paris kò fẹ́ gbà á síbẹ̀; oṣù Kejì ọdún 1599 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i, lẹ́yìn tí ọba ti bá wọn sọ ọ̀rọ̀ líle.

Arìnrìnàjò:

Bí ẹ bá rí àyè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Paris, ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Germain-l'Auxerrois ṣì dúró, òdìkejì Louvre ni ó wà. Ẹ rìn díẹ̀ sí ojú pópó Rivoli, ẹ ó rí ère Coligny lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Oratoire, wọ́n gbé e síbẹ̀ ní ọdún 1889. Kò jìnnà sí òpópónà Ferronnerie, níbi tí Ravaillac ti gún Henri Kẹrin pa nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 1610. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi dé gbogbo ibẹ̀ ní ọ̀sán kan.

Bí owó kò bá sí, London tí ẹ wà náà tó. Ní ọdún 1685, Louis Kẹrìnlá, ọmọ-ọmọ Henri Kẹrin, fagi lé àṣẹ Nantes, bíi 200,000 Huguenot sì sá jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ̀dó sí Spitalfields, wọ́n ń hun aṣọ sílíìkì. Ilé ìjọsìn tí wọ́n kọ́ sí Brick Lane ní ọdún 1743 wà níbẹ̀ títí di òní; ó ti di ilé ìjọ Mẹ́tọ́díìsì rí, ó ti di sínágọ́gù rí, mọ́sáláṣí sì ni láti ọdún 1976. Ẹ gbójú sókè, ẹ ó rí aago òòrùn lára ògiri rẹ̀ pẹ̀lú ọdún náà.

Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́:

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Mo ti tẹ gbogbo rẹ̀ sórí bébà, ọmọ náà sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí. Ó ya tábìlì ìwé àṣẹ bí Ìyá Agbẹjọ́rò ṣe wí, ó fi ọ̀wọ́ gbèsè Oníṣirò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nígbà tí ó sì dé ọdún 1576, òun fúnra rẹ̀ ló pè mí pé, "Dádì, ẹ wá wò ó, àwọn tó wá bá ọba jà náà ló tún ń san owó fún." Ó tún iṣẹ́ àṣetiléwá náà kọ. Níbi tí 100,000 wà tẹ́lẹ̀, ó kọ iye ti Paris àti ti gbogbo ilẹ̀ náà, ó sì fi gbólóhùn kan sí i nípa ẹni tó kọ́kọ́ kọ iye ńlá náà àti ìgbà tó kọ ọ́. Ó ku kí olùkọ́ rẹ̀ dá a padà.

Ọjọ́ Sátidé yìí ni a ó lọ sí Brick Lane. Ó ní kí n bá òun bi yín bóyá wọ́n máa ń jẹ́ kí àlejò wọ inú ilé náà, àbí ìta nìkan ni a ó ti wò ó.

Arìnrìnàjò:

Ìta ni mo ti wò ó nígbà tèmi, Bàbá, n kò béèrè. Mọ́sáláṣí tí wọ́n ń kírun nínú rẹ̀ ni, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ọmọ mú ìborí dání, kí ẹ má sì lọ ní àkókò ìrun. Aago òòrùn náà wà lókè lára ògiri ẹ̀gbẹ́ Fournier Street.